Ògiri dúdú kọ́ ló ń sọ ṣọ́ọ̀bù táàtù di gidi

Mo ka ìròyìn kan tó yin ògiri dúdú àti iná pupa bàìbàì inú àwọn ṣọ́ọ̀bù táàtù ìgbàlódé l'Ékòó. Ó dùn ún wò nínú fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí oníbàárà ń jókòó dúró sí ni kó mọ. Níbi tí wọ́n ti ń fín ara, iná funfun bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nǹkan bí 5000K (Kelvin, ìwọ̀n àwọ̀ iná), ló yẹ. Lábẹ́ iná pupa, tàdáwà pupa kì í hàn dáadáa, ẹ ò sì ní tètè rí i pé awọ ara ti ń pọ́n jù, àgàgà lára ẹni tó dúdú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì! Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti tàdáwà mu, oògùn apakòkòrò kò sì lè ràn án. Táìlì dára, bí àlàfo àárín rẹ̀ bá dí pinpin.

Báńsìnì ìfọwọ́ lọ́tọ̀, ti irinṣẹ́ lọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe àlòtúnlò. Irinṣẹ́ tí a ń tún lò gbọ́dọ̀ wà nínú ooru autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò àrùn) ní 121°C fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 15. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ra inverter kẹ́ ẹ tó ra àga olówó ńlá.