Ọwọ́ ìyá kò lè di ọmọ mú nínú mọ́tò

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ wa rìnrìn àjò, láti Ìbàdàn sí Èkó, ìyá ọkọ mi dúró ti ilẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n wo ọmọ nínú àga ọmọdé tí a so mọ́ síìtì mọ́tò, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ ṣe de ọmọ mọ́lẹ̀ bí àgbò Iléyá? Ẹ gbé e fún mi. Ta ló máa já a gbà lọ́wọ́ mi?"

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló sì gbà bẹ́ẹ̀, pé bí ìyá bá ti gbá ọmọ mọ́ra dáadáa, kò séwu. Irọ́ ni, irọ́ tó lè pa ọmọ sì ni.

Ẹ wò ó báyìí. Ọmọ oṣù mẹ́ta lè tó kílò 5. Bí mọ́tò tó ń sá 50 kìlómítà ní wákàtí kan bá kọlu nǹkan tó sì dúró gbì, ohunkóhun tí a kò so mọ́ inú rẹ̀ á ṣì máa bá eré yẹn lọ. Agbára tí ọmọ náà máa fi já síwájú lè tó ìlọ́po ogún ìwọ̀n rẹ̀. Kílò 100 nìyẹn, àpò sìmẹ́ǹtì méjì. Apá ta ló lè gbà á? Ta ló tiẹ̀ ń sá 50 lójú márosẹ̀?

Àwọn kan máa ń fa bẹ́líìtì kan yí ara wọn àti ọmọ po. Ìyẹn tún burú jù, torí gbogbo ìwọ̀n ìyá ló máa fi ọmọ rún mọ́ bẹ́líìtì.

Kí a tó dé Ṣágámù lọ́jọ́ náà, tírélà kan já wọ iwájú wa. Ọkọ mi tẹ búrèkì. Fíláàsì tí Mọ́mì fi ọwọ́ méjèèjì dì mú lórí itan fò, ó lọ lu ẹ̀yìn síìtì iwájú. Ọmọ lajú, ó tún sùn lọ. Mọ́mì kò dárúkọ àgbò mọ́.

Orí ọmọ tuntun wúwo, ọrùn rẹ̀ sì rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọwọ́ ti orí rẹ̀ bí a bá gbé e. Síìtì ẹ̀yìn ni kí ẹ so àga náà mọ́, kí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí iwájú mọ́tò, kí àga lè bá yín ṣe iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Àjọ NHTSA, tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé àga ọmọ ń dín ewu ikú kù ní ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nínú mọ́tò kéékèèké. Ẹ bọ́ súwẹ́tà tó nípọn kí ẹ tó de bẹ́líìtì rẹ̀. Bí òtútù bá ń mú un, ẹ fi ìborùn bò ó lókè bẹ́líìtì.

Àga tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà, n kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ yí i dojúdé, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, bóyá ìgbà ìlò rẹ̀ ti kọjá. Èyí tó bá ti wà nínú ìjàǹbá rí kò wúlò mọ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ ìtàn rẹ̀, èmi kò ní rà á.

Ọmọ máa sunkún, ó dájú. Ẹ má tú u láti fún un lọ́mú lórí ìrìn. Ẹ yà sí ilé epo, ẹ pa mọ́tò, kí ẹ wá gbé e jáde.