Ṣé kí ọmọbìnrin mi gba iṣẹ́ títa bíà láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀?

Bàbá Ìsánlú: Ẹ̀yin ará ilé, òkun o. Ọmọbìnrin mi tí ó parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní ọdún tó kọjá ti rí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí ń pọn bíà. Aṣojú títà ni wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́: Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí ni yóò fi ṣe ibùdó, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ sí Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ dára, wọn yóò sì fún un ní ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ fárígá. Ó ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ tí ń ti ilé ọtí kan bọ́ sí òmíràn. Èmi kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú ọmọ náà.

Alàgbà Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ kú ìrònú, Bàbá. Ẹ kò ní rí èébú lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn. Láti ọdún 1908 tí míṣọ́nnárì tí ń jẹ́ Titcombe ti mú ìyìn rere wọ ilẹ̀ Yàgbà ni ìjọ ti ń kọ́ wa pé kí a jìnnà sí ọtí, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì rí ìgbàlà níbẹ̀. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní kí n gbé ọ̀rọ̀ ìjọ tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọdún 1988 ni àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ sí ènìyàn lára, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ sì tún sọ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Báwo ni òbí yóò ṣe wá máa dunnú pé iye kéréètì tí ọmọ òun bá tà ní oṣù kan ni wọn yóò fi díwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀?

Ọmọ Owé: Alàgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, n kò sì ní jiyàn lórí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ọmọbìnrin wọ bàtà, tí ó gbé ìwé lọ́wọ́ ni a tó rántí pé ọtí kò dára. Ta ló ń pọn ọtí ọkà bàbà ní ilé àwọn ìyá wa àgbà? Obìnrin ló ń rẹ ọkà títí yóò fi hù, òun ló ń sá a, tí ó ń lọ̀ ọ́, tí ó ń sè é, tí ó tún ń dúró tì í títí yóò fi kan, kí ó tó fi igbá bù ú fún àwọn tó wá ro oko. Ẹmu nìkan ni ọkùnrin ń dá, obìnrin náà ló sì ń gbé e lọ sọ́jà. Nígbà tí bíà Star jáde ní Èkó ní ọdún 1949, tí ọtí onígò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀, ẹni tó ní owó ilé ìkẹ́rù àti ọkọ̀ akẹ́rù ló gba òwò náà, ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ìyá wa padà di ẹni tí ń ra kéréètì méjì láti tà ní ìdí búkà.

Nípa ti Titcombe, ìjọba Àríwá tí Kàbà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà ti ń dí ọtí lọ́nà kí Titcombe tó dé, ní ìbámu pẹ̀lú àdéhùn Brussels ti ọdún 1890. Ṣùgbọ́n jíìnì àti ọtí líle tí ń ti òkè òkun bọ̀ ni òfin yẹn dojú kọ. Kò kan ìkòkò àwọn ìyá wa.

Alàgbà Ẹ̀gbẹ̀: Ọ̀rẹ́ mi, ìkòkò ìyá àgbà kì í ní tágẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ọkà bá tán, ọtí tán. Ilé iṣẹ́ kò ní sọ pé ó tó.

Oníkéréètì: Ibi tí Alàgbà fọwọ́ bà yìí gan-an ló dùn mí. Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá kí n tó fi í sílẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Bàbá Ìsánlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ náà yóò máa jókòó ti àwọn ọ̀mùtí. Rárá o. Iṣẹ́ kàlámù àti ìwé ni. Ní àárọ̀, yóò wo àwọn ilé ìtajà tí ó kàn án lọ́jọ́ náà. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, yóò ka ohun tó kù, yóò wò bóyá fíríìjì tí ilé iṣẹ́ gbé kalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àti bóyá ọtí ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n kó sínú rẹ̀ (ó sì sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀), lẹ́yìn náà ni yóò gba owó tàbí kí ó kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀. Ìgò òfìfo ló le jù. Ìgò ńlá méjìlá ló ń wọ kéréètì kan, ẹni tí kò bá sì kó òfìfo sílẹ̀ kò ní rí èyí tó kún gbé, àfi bí ó bá san owó ìgò. Mo ti rí oníṣòwò tó ní owó lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, nígbà tí gbogbo ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìhà Kàbà, ti wálé, tí kò rí ọjà rà nítorí pé àwọn tó ṣe òkú ní abúlé kan kó ìgò rẹ̀ lọ láìdá a padà.

Àwìn ni èkejì. Bí olùpín ọjà bá kó ọjà àwìn, tí kò san, ọwọ́ rẹ ni wọn yóò máa wò. Ẹ̀kẹta ni àwọn ọ̀gá àti oníbàárà tó rò pé obìnrin tó wá ta ọtí ti fi ara rẹ̀ kún ọjà. Ọ̀gá kan ní kí n wá bá òun ní òtẹ́ẹ̀lì ní Lọ́kọ́ja láti wá “ṣàlàyé” tágẹ́ẹ̀tì mi. N kò lọ, wọ́n sì gbé mi kúrò ní agbègbè tó ń tà lọ sí ibi tí kò tà. Síbẹ̀síbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán àbúrò mi méjì lọ sí yunifásítì.

Ìyá Ìbejì Mọ̀pà: Mo ń ta ọtí, mo sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin tí ń wá sí ọ̀dọ̀ mi ló kọ́ mi láti máa kọ gbèsè sínú ìwé. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọmọ Ìjùmú Àbújá: Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé iṣẹ́ náà yóò pẹ́? Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ ní ọdún 2023, àdánù Nigerian Breweries, ilé iṣẹ́ tí ń pọn Star, fún ọdún náà lé ní bílíọ̀nù 100 náírà, nígbà tó sì di ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn yóò dá iṣẹ́ dúró ní méjì nínú ilé ìpọntí mẹ́sàn-án tí àwọn ní. Ní ọdún 2024 kan náà ni Diageo, ilé iṣẹ́ ọtí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ta ìpín rẹ̀ nínú Guinness Nigeria fún Tolaram, ilé iṣẹ́ kan láti Singapore. Ibi tí ilé iṣẹ́ bá ti ń yí ọwọ́ báyìí, ó lè jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ títà ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín ènìyàn kù. Kí ó gbà á, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yangàn.

Alàgbà Ẹ̀gbẹ̀: Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọtí inú ọ̀rá. Láti oṣù kejìlá ọdún 2018 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń ṣàmójútó oúnjẹ àti oògùn, ti bá àwọn tí ń ṣe é ṣe àdéhùn pé yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ wọ́n tún sún un síwájú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló ń fi eyín ya á.

Oníkéréètì: Òótọ́ ni, Alàgbà. Inú ìgò ńlá ni bíà wà ní tèmi, àmọ́ ilé ìkẹ́rù kan náà ló ń gba méjèèjì. Ìgbà kan wà tí wọ́n ní kí n máa fi ọ̀rá kún ọjà tí mo ń tà. Ọdún yẹn ni mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bàbá Ìsánlú: Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀; nígbà tí mo dé ibi òtẹ́ẹ̀lì, ó dìde kúrò nínú yàrá. Ọmọ náà ní kí n bi Oníkéréètì léèrè bí ìgò bá fọ́ lójú ọ̀nà Mọ̀pà, ta ni yóò san án?

Oníkéréètì: Ẹ sọ fún un pé ìbéèrè tó yẹ ló béèrè. Bí ọkọ̀ olùpín ọjà ló bá gbé e, olùpín ló ni àdánù. Bí òun bá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé kéréètì kan péré láti fi ṣe oníbàárà lóore, òun ni yóò san án. Kí ó má ṣe gbé e.