Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Fara Dà Á?

N kò sí lára àwọn tó ń sọ pé kò yẹ kí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé owó náà kì í dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù bó ṣe yẹ, àti pé àwọn alágbàtà epo àti àwọn tó ń kó o gba ẹnu ibodè kọjá ló ń jẹ èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin, n kò bínú sí ìpinnu yẹn. Ohun tó ń dùn mí, tí mo sì fẹ́ sọ láìfi bọpo bọyọ̀, ni pé àwọn tó ní kí á fara da ìnira kò tíì fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ọ̀nà tí wọ́n ní kí á máa tọ̀.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń dín gààrí ní àwọn abúlé tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká. Tilé-toko ló mọ gààrí Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ronú kàn án pé owó epo bẹntiróò wà nínú owó tí wọ́n fi ń rà á. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ ń mu epo, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko ń mu epo, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń gbé àpò gààrí lọ sí ọjà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà ní ọ̀pọ̀ ilé epo kí wọ́n tó kéde ti kọjá 1,000 náírà nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ. Màmá kan tí mo máa ń ra gààrí lọ́wọ́ wọn ṣàlàyé fún mi, bí wọ́n ṣe ń fi àfọ́kù igbá da gààrí nínú agbada, pé ẹlẹ́rọ kì í tan ẹ̀rọ fún ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Àwọn obìnrin bíi mẹ́rin gbọ́dọ̀ kó ẹ̀gẹ́ wọn jọ kó tó fa okùn ẹ̀rọ, kí epo má baà ṣòfò, bí ẹ̀gẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ti bó bá sì fẹ́ máa dúdú kí ẹni kẹrin tó dé, kò sí ohun tó lè ṣe sí i. Ìjọba kọ́ ló ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí ìṣọ́wóná. Wọ́n ti ń fara dà á kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n lórí rédíò pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ẹ wá wo Àbújá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ fẹ́ lọ fún ìsinmi, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, Godswill Akpabio, sọ fún wọn níbi ìjókòó pé wọ́n ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sínú àpò ìfowópamọ́ wọn kí wọ́n lè gbádùn ìsinmi wọn. Nígbà tó mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń wo àwọn lórí tẹlifíṣọ̀n, ó yí i padà pé àdúrà ni òun fi ránṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì fún àwọn aṣòfin, tí ìròyìn sì gbé e pé owó ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 160 náírà. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́nétọ̀ gbèjà rẹ̀ pé ojú ọ̀nà wa kò dára. Ojú ọ̀nà náà kò dára lóòótọ́. Awakọ̀ dánfó tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó torí rẹ̀ ra ọkọ̀ fún un. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de nítorí ebi. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ ti wọ bàálù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ sí ilẹ̀ Faransé.

N kò fẹ́ ṣe àbòsí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Ààrẹ pàṣẹ pé kí wọ́n dín iye àwọn tó ń bá òun rin ìrìn àjò kù, ohun tó dára ni. Ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn aṣojú-ṣòfin fẹnu kò pé àwọn yóò yọ ìdajì nínú owó oṣù àwọn fún oṣù mẹ́fà láti fi ṣèrànwọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ó dára láti gbọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Owó oṣù tí wọ́n ń sọ jẹ́ 600,000 náírà, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ 300,000. Bẹ́ẹ̀, láti ọdún 2018 ni Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani ti jẹ́ kí á mọ̀ pé sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba mílíọ̀nù 13.5 náírà lóṣooṣù fún ìnáwó ọ́fíìsì, yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila sọ ní tirẹ̀ pé ohun tó ń wọlé fún òun lóṣù ti lé ní mílíọ̀nù 21 náírà. Owó oṣù ni wọ́n dín kù fún wa rí, owó ọ́fíìsì kò sì wá sí gbangba. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 77,000 náírà, tí í ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún méjìlélógún lọ kó tó rí mílíọ̀nù 21 náírà.

Àwọn kan máa ń sọ pé tí a bá gba gbogbo owó àwọn aṣòfin, kò ní tó nǹkan nínú ìṣúná orílẹ̀-èdè. Ìṣirò wọn lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn lé Boris Johnson ní ọdún 2022, tó ṣì wà nípò olórí ìjọba, kì í ṣe iye tí àpèjọ tó lọ náni ló bí àwọn ará ìlú nínú. Ohun tó bí wọn nínú ni pé wọ́n ti pa òfin Kòrónà mọ́ débi pé àwọn mìíràn kò lè lọ dágbére fún òbí wọn tó ń kú lọ, nígbà tí ẹni tó gbé òfin náà kalẹ̀ kò pa á mọ́.

Ní Rẹ́mọ níbí, a kò ṣàì mọ bí olórí ṣe ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n san owó tó ni wọ́n lára. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba rẹ̀ ló sì ní kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn san ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti ìlera. Inú àwọn èèyàn kò dùn sí i rárá, débi pé ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sanwó sì rí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ gbé síléètì lọ sí ilé ìwé. Láti ọdún 2023, owó tí wọ́n ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù ti pọ̀ sí i gidigidi. Ó yẹ kí màmá tó ń dín gààrí lè nawọ́ sí ohun kan ní abúlé rẹ̀, kó ní ibí yìí ni ìyà tí mo jẹ wọlé sí.

Mo mọ̀ pé àwọn olóṣèlú á ní aráàlú ló ń da àwọn láàmú fún owó òkú àti owó ìgbéyàwó, irọ́ sì kọ́. Síbẹ̀, a kò yan ẹnikẹ́ni sípò kó lè máa náwó lójú agbo.

Ìbò ọdún 2027 ń bọ̀, àwọn tó fẹ́ ṣojú Ìlà-Oòrùn Ògùn yóò sì wá kí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le: kí wọ́n ṣèlérí lójú gbogbo èèyàn pé ní oṣooṣù ni àwọn yóò máa lẹ iye owó ọ́fíìsì tí wọ́n bá gbà, àti ohun tí wọ́n fi ṣe, mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ẹni tó bá kọ̀, n kò ní dìbò fún un, ìbáà jẹ́ ọmọ àdúgbò mi.