Ọ̀rẹ́ Mi Kan Ni

(Ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà ọpọlọ. BÀBÁ ONÍLÉ jókòó sí igun, ó wọ jígí dúdú, fìlà bo etí rẹ̀ méjèèjì. LÀMÍDÌ, ayálégbé rẹ̀, yọ́ wọlé bí olè, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó jókòó tì í.)

LÀMÍDÌ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀... Háà! Bàbá Onílé!

BÀBÁ ONÍLÉ: Èmi kọ́.

LÀMÍDÌ: Ohùn yín nìyẹn! Torí owó ilé, ẹ lé mi débí? Mo ṣáà ní n óò san án níparí oṣù.

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó yọ jígí) Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ owó ilé? Kí lo wá ṣe níbí?

LÀMÍDÌ: Eyín ni mo wá wò. Mo ṣìnà ni.

BÀBÁ ONÍLÉ: Káàdì ọwọ́ rẹ ńkọ́? Wọ́n kọ “Ẹ̀ka Àìsàn Ọpọlọ” gàdàgbà sí i.

LÀMÍDÌ: (ó jókòó lé káàdì) Ẹ̀yin náà ńkọ́?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Òun ni ara rẹ̀ ò yá. Mo wá bá a béèrè nǹkan ni.

LÀMÍDÌ: Ẹ ò rí nǹkan! Èmi náà, ọ̀rẹ́ mi kan ni!

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló ń ṣe ọ̀rẹ́ tìrẹ?

LÀMÍDÌ: Oorun ò kùn ún. Aago mẹ́ta òru, ojú rẹ̀ á là kedere, á máa ka pákó àjà. Nǹkan tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, kò wù ú mọ́. Bọ́ọ̀lù gan-an, kò wò ó.

BÀBÁ ONÍLÉ: Aago mẹ́ta? Tọ̀rẹ́ tèmi náà nìyẹn! Gbogbo ìgbà tó bá yọjú lójú fèrèsé, iná yàrá rẹ ló máa ń rí.

LÀMÍDÌ: Iná yàrá tèmi? Ilé wa lọ̀rẹ́ yín ń gbé?

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó wúkọ́) Ó... ó máa ń wá sùn lọ́dọ̀ mi.

LÀMÍDÌ: Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ní ìpàdé ilé tó kọjá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ẹni tí orí rẹ̀ ò bá pé kó kẹ́rù ẹ̀ jáde? Ẹ ní ẹ ò kọ́lé fún wèrè. Ọ̀rẹ́ mi gbọ́, ẹ̀rù bà á, ló bá pa á mọ́ra.

BÀBÁ ONÍLÉ: (kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́) Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀.

LÀMÍDÌ: Kí ló dé?

BÀBÁ ONÍLÉ: Kí wọ́n má baà fura sí i.

(Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.)

LÀMÍDÌ: Ọ̀rẹ́ mi ti lo oògùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò rí ìyàtọ̀, ó dà á nù.

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó fò dìde) Ọjọ́ mẹ́rin! Ṣé ó ya wèrè ni?

(Gbogbo ojú yí sí i. Ó rọra jókòó.)

BÀBÁ ONÍLÉ: Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará. Làmídì, oògùn ìsoríkọ́ kì í ṣe toògùn orí fífọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí èèyàn tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, a kì í dá a dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

LÀMÍDÌ: Ọ̀rẹ́ yín mà gbọ́n o. Níbo ló ń kó tiẹ̀ sí?

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó fa ìgò kan yọ lápò) Ìgò fítámì nìyí. Ó fi èékánná họ bébà ara rẹ̀, ó ku lẹ́tà C nìkan. Ìyàwó rẹ̀ ti ń bi í pé irú fítámì wo ni kì í tán. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tiẹ̀ sì rèé, orí tábìlì ló wà, ojú àlejò ló ti ń lò ó, á tún máa júwe ẹ̀ fún wọn!

LÀMÍDÌ: Kí nìgò ọ̀rẹ́ yín ń ṣe lápò yín?

BÀBÁ ONÍLÉ: Mo bá a gbé e dání ni.

LÀMÍDÌ: (ó ń ka bébà ara ògiri) “Àjọ Ìlera Àgbáyé: lọ́dún 2019, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́jọ láyé ló ní àìsàn ọpọlọ.” Bàbá, àwa mélòó ló wà nílé?

BÀBÁ ONÍLÉ: Mẹ́jọ géérégé. A jẹ́ pé ẹnì kan wà nínú wa. (ó ń ka ìka) Ṣé kì í ṣe Ìyá Ìbejì?

LÀMÍDÌ: Ìyá Ìbejì ń hanrun títí ilẹ̀ á fi mọ́. (Wọ́n wo ara wọn.) Bàbá, tiwa ti lé ẹnì kan o.

NỌ́Ọ̀SÌ: (lẹ́nu ọ̀nà) Nọ́ńbà mẹ́rìnlá!

BÀBÁ ONÍLÉ: Nọ́ọ̀sì, ẹ má pariwo mọ́!

NỌ́Ọ̀SÌ: Nọ́ńbà ni mo pè, Bàbá, n ò pe orúkọ. Ta ló ni ín?

BÀBÁ ONÍLÉ: Ọ̀rẹ́ mi ni.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ọ̀rẹ́ yín dà?

LÀMÍDÌ: Èmi rèé. Èmi lọ̀rẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé.

BÀBÁ ONÍLÉ: (ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà) Làmídì.

LÀMÍDÌ: Bàbá, mo ní níparí oṣù!

BÀBÁ ONÍLÉ: Kì í ṣèyẹn. Tó o bá tún ríná lọ́dọ̀ mi láago mẹ́ta òru, kanlẹ̀kùn.

LÀMÍDÌ: Ṣé kí n mú ọ̀rẹ́ mi dání?

BÀBÁ ONÍLÉ: Fi í sílé. Àga méjì péré ni mo ní.