Ariwo Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì Kọ́ Ni Eré Ọkọ̀ Ojú Irin

Ní Ìlú Ọba, àwọn ojú irin àtijọ́ kan wà tí àwọn olólùfẹ́ rélùwéè tún ṣe lẹ́yìn tí ìjọba ti pa wọ́n tì. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn, òfin kò gba ọkọ̀ láàyè láti sáré ju máìlì 25 lọ ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 40, eré tí ọ̀kadà ògbólógbòó lè sá láìmí hẹlẹ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kéde pé àwọn orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ìyẹn àwọn tí ẹ́ńjìnnì wà nínú wọn tí wọ́n ń fa kóòṣì, yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, èrò yóò ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọn yóò du àyè ní kóòṣì tí ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì jù lọ, wọn yóò yọrí lójú fèrèsé, àwọn mìíràn yóò sì na máíkì síta kí wọ́n lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ariwo tí wọ́n wá gbọ́ kì í já wọn kulẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rìn ni, kò sáré.

Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́, àwọn wọ̀nyí ìbá ti ya wèrè. Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin bá ṣe ń bú tó ni ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó, àti pé ẹ́ńjìnnì ńlá tí à ń gbọ́ yẹn gan-an ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu mẹkáníìkì tí ó mọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí ẹní mowó. Lórí orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ńláńlá tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tí ó gba èrò yìí gbọ́ kò sì jẹ̀bi púpọ̀, nítorí pé ó jogún rẹ̀ ni. Ọkọ̀ ojú irin tí àwọn baba wa kọ́kọ́ mọ̀, èyí tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, oru omi gbígbóná ni ó ń lò, ọ̀pá irin sì ni ó so písítìnì rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tààrà. Nínú orí ọkọ̀ olóru tí ó ní sìlíńdà méjì, ìgbà mẹ́rin ni oru máa ń tú jáde bí ẹsẹ̀ ńlá rẹ̀ bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, fàkà-fìkì tí àwọn ọmọdé fi ń sín rélùwéè jẹ kì í ṣe eré lásán. Ìṣirò gidi ni, ẹni tí ó bá ń ka fàkà-fìkì ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà fi kún un: bí dánfó bá wà nínú jíà kan, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára ni táyà ń yára. Etí wa ti gba ẹ̀kọ́ méjèèjì wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́ kí a tó gbọ́ dísẹ́ẹ̀lì, a sì gbé wọn lọ síbi tí wọn kò ti bá ilé mu.

Nínú irú orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tí mo ń sọ yìí, ẹ́ńjìnnì kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ni ó ń yí, jẹnẹrétọ̀ náà ń pèsè iná, iná yẹn sì ń gba inú wáyà lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́tò oníná tí ó wà nísàlẹ̀, lẹ́bàá ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn ni ó ń yí ẹsẹ̀. Ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kékeré tí a gbé ka orí irin ni orí ọkọ̀ náà. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí kò ṣòro láti lóye. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá yí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tí ó dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń parí ìjà àárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì tí yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ẹrù yóò fi gbéra yóò ti di eérú kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tí ó wà. Mọ́tò oníná kò ní ìṣòro yẹn, torí pé ìgbà tí kò tíì yí rárá gan-an ni agbára ìfà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí èyí yé bí àwa tí a ti bá jẹnẹrétọ̀ gbé. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé, tí iná gílóòbù méjì péré sì wà lórí rẹ̀, ohùn rẹ̀ á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹnìkan ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, tàbí kí fíríìjì gbé, lójú ẹsẹ̀ ni ohùn náà yóò wúwo, tí jẹnẹrétọ̀ yóò sì máa gbin bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé lórí. Jẹnẹrétọ̀ náà kò tí ì sún kúrò lójú kan. Ẹrù tí a dì lé e ni a gbọ́. Ohun kan náà gan-an ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí ojú irin, àfi pé agbára rẹ̀ tó agbára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin.

Kí ni ó wá ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe yára tó? Ọwọ́ awakọ̀ ni. Lórí àwọn orí ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọwọ́ agbára, ìyẹn ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń bu agbára fún ẹ́ńjìnnì, ní ipele mẹ́jọ, ipele kọ̀ọ̀kan sì ní iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí awakọ̀ orí ọkọ̀ SD40-2 bá gbé e sí ipele kẹjọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ní nǹkan bí ìgbà 900 ní ìṣẹ́jú kan, ì báà jẹ́ pé máìlì 10 ní wákàtí kan ni ọkọ̀ ń lọ tàbí máìlì 60. Ariwo kan náà ni ẹni tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà yóò gbọ́. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ tí ó ti gba eré sára, tí ó sì ń sún mọ́ ibùdókọ̀, awakọ̀ rẹ̀ yóò ti dá ọwọ́ agbára padà pátápátá, kí ọkọ̀ lè máa fi eré àtẹ̀yìnwá yọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnnì yóò kàn máa kùn wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí irin ń ta iná lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ń sáré jù lè jẹ́ ìgbà tí ó dákẹ́ jù. Bí ọkọ̀ ẹrù bá tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ lè sọ àwọn mọ́tò oníná di jẹnẹrétọ̀ kí wọ́n lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Iná tí wọ́n bá pèsè yóò lọ di ooru lára àwọn irin kan, fáànù yóò sì máa fẹ́ ooru náà dànù pẹ̀lú igbe tí ó ń dé ọ̀nà jíjìn. Àjèjì yóò ní ọkọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú eré burúkú, nígbà tí ó jẹ́ pé bíréèkì ni ó ń tẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ dísẹ́ẹ̀lì ní Ìlú Ọba fi máa ń lọ dúró sí ibi tí ọkọ̀ ti ń jìyà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Lickey, nítòsí Bromsgrove, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀: fún nǹkan bíi máìlì méjì gbáko, ojú irin ń gun ẹsẹ̀ bàtà kan lórí ẹsẹ̀ bàtà 37.7 kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó ga gan-an fún irin lórí irin. Orúkọ tí àwọn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ń pe ohun tí wọ́n ń wá ni thrash, ìyẹn ohùn ẹ́ńjìnnì tí awakọ̀ ti ṣí agbára rẹ̀ dé òpin, tí ẹrù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tún mọ nǹkan mìíràn tí àwa ará ìta kì í fẹ́ gbà, pé dísẹ́ẹ̀lì kì í dún bákan náà. Ẹ jẹ́ kí a mú Class 37, irú orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì Ìlú Ọba kan tí wọ́n kọ́ 309 irú rẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1965. Ẹ́ńjìnnì English Electric tí ó wà nínú rẹ̀ ní sìlíńdà 12, ó sì ń yí ní ìgbà 850 ní ìṣẹ́jú kan bí agbára bá dé òpin; bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, ìbúgbàù epo bíi 85 ni yóò máa ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn náà nípọn, ó ń lù kìkì láyà, kò sì yà mí lẹ́nu pé wọ́n sọ ọkọ̀ náà ní katakata. Wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Deltic. Ilé iṣẹ́ Napier ti kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì Deltic fún ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun: sìlíńdà 18 tí a tò ní onígun mẹ́ta, písítìnì méjì tí ó dojú kọ ara wọn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kiránkì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ní orígun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì irú rẹ̀ ni ó wà nínú orí ọkọ̀ kan, agbára ẹṣin 3,300 lápapọ̀. Nítorí pé gbogbo sìlíńdà rẹ̀ ni ó ń búgbàù nígbà kọ̀ọ̀kan tí kiránkì bá yí, tí ó sì ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìbúgbàù 450 ni ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí ènìyàn kò lè gbọ́ ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìlù mọ́. Orin ni ó ń gbọ́, ohùn gígùn kan ṣoṣo bíi ti ọ̀wọ́ oyin tí ó ṣí kúrò nílé. Méjìlélógún péré ni wọ́n kọ́ fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn fa èrò wọ ibùdókọ̀ King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 1982, ogunlọ́gọ̀ ni ó wá kí i pé ó dìgbóṣe.

Àwọn ohùn kan wà tí kò tilẹ̀ ti ẹnu ẹ́ńjìnnì jáde. Súfèé tí wọ́n fi ń mọ irú orí ọkọ̀ tí à ń pè ní Class 40, tọ́bò, ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì, ni ó ń fọn ọ́n, kì í ṣe fèrè awakọ̀ bí àwọn kan ṣe rò. Ti Class 50 ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn fáànù tí ń yọ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbá kápẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá sọ ọkọ̀ náà ní Hoover. Nígbà tí wọ́n ń tún àwọn àádọ́ta náà ṣe, láti ọdún 1979 títí di nǹkan bí ọdún 1984, wọ́n yọ àwọn ẹ̀rọ asẹ́-eruku yẹn dànù. Ohùn náà lọ, ọkọ̀ náà ṣì ń sá eré tí ó ń sá tẹ́lẹ̀, orúkọ sì mọ́ ọn lára títí di òní.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi dé. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan wà tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lábẹ́ ilẹ̀ kóòṣì, tí wọ́n ní jíà gidi bíi ti bọ́ọ̀sì. Lórí àwọn wọ̀nyẹn, ohùn àti eré ṣì jọ ń rìn, títí awakọ̀ yóò fi pààrọ̀ jíà. Àwọn 74 tí a mọ̀ sí Western, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Ìlú Ọba títí di oṣù kejì ọdún 1977, kò lo iná láti fa ọkọ̀. Epo tí ń yí nínú àpótí kan ni ó ń gbé agbára lọ sí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n epo náà ń yọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, nítorí náà ẹ́ńjìnnì lè máa bú ramúramù nígbà tí ẹsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ̀n jìgìjìgì.

Ẹni tí kò bá fẹ́ rìnrìn àjò jìnnà lè lọ gbọ́ ọ nílé. Orí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni ó ń fa ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò fún owó ní ọdún 2021. Kí ó dúró sí etí ibùdókọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra: ẹ́ńjìnnì yóò kọ́kọ́ gbóhùn sókè, kóòṣì yóò sì wá máa kọjá níwájú rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ lọ.

Ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi jù lọ ni ti ọkọ̀ ayára tí Ìlú Ọba gbé jáde ní ọdún 1976, tí iyàn kò sí pé ó mọ eré í sá: máìlì 125 ní wákàtí kan lójoojúmọ́, àti máìlì 148 nígbà kan ní oṣù kọkànlá ọdún 1987. Ẹ́ńjìnnì Paxman Valenta ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Tọ́bò rẹ̀ ń han gooro bí ọkọ̀ bá ń kúrò ní ibùdókọ̀, débi pé ẹni tí ó wà ní òpópónà kejì yóò mọ̀ pé ọkọ̀ ti gbéra. Nígbà tí ó fi di ọdún 2010, wọ́n ti yọ Valenta kúrò, wọ́n sì ti fi ẹ́ńjìnnì MTU láti Jámánì rọ́pò rẹ̀ nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ohùn MTU rọlẹ̀, ó ń kùn lásán, àwọn olólùfẹ́ sì ṣọ̀fọ̀ Valenta bí ẹni ṣọ̀fọ̀ ìbátan. Àwọn èrò tí ó wà nínú kóòṣì kò rí ìyàtọ̀ kankan: máìlì 125 ni ọkọ̀ náà ṣì ń sá nígbà náà.