Ta Ló Ń Fọwọ́ Kan Ẹ̀rọ ní Láàbù Yín?

Ẹ wọ láàbù àwọn ọmọ ọdún kìíní ní fákọ́tì ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí ẹ rọra dúró sẹ́yìn, kí ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Níbi tí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin kan bá ti jọ ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kan, lọ́pọ̀ ìgbà, ìwé àti bírò ni ẹ ó bá lọ́wọ́ ọmọbìnrin yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ń so wáyà, èkejì ń yí bọ́tìnì oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń lọ sókè sódò hàn lójú gíláàsì), ẹ̀kẹta ń pe nọ́ńbà, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó pín in bẹ́ẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀wé kọ jù, bá wa kọ ọ́" ni wọ́n sọ fún un, ó sì dún létí bí ìyìn. Nígbà tí sáà bá parí, máàkì kan náà ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbà, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan wà nínú wọn tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ so wáyà kan mọ́ èkejì.

Èrò ọkàn mi rèé: orí tábìlì yẹn ni ọ̀rọ̀ ìdọ́gba wà. Pátákó tí a gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ àyájọ́ àwọn obìnrin, ìwé ìlànà rẹpẹtẹ, kò sí èyí tó burú nínú wọn, àmọ́ wọn ò dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Edith Clarke ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba dígírì másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ní 1919. Kò rí ẹni gbà á síṣẹ́ ẹnjiníà. Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná General Electric gbà á, àmọ́ ìṣirò ni wọ́n ní kó wá máa darí, kí òun àti àwọn obìnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa bá àwọn ẹnjiníà ṣírò nọ́ńbà. Bírò àti ìwé náà nìyẹn. Ó ṣe irinṣẹ́ ìṣirò kan fún wáyà iná ọ̀nà jíjìn, wọ́n padà fi í ṣe ẹnjiníà ní 1922, ó gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) irinṣẹ́ náà ní 1925, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Texas ní Austin ní 1947. Inú mi ń dùn tí mo bá rántí rẹ̀. Àmọ́ àwọn tí ẹ̀bùn wọn tó tiẹ̀, tí wọn ò ní irú ìfaradà yẹn ńkọ́? A ò gbọ́ orúkọ wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa fèsì: ìka ò dọ́gba, ẹ má rẹ ìlànà sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Afárá ò mọ ẹni tó ya àwòrán òun. Bí ìṣirò bá ti yingin, wíwó ni yóò wó. Ẹ wo Harvey Mudd College ní Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 2006, obìnrin tó ń ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kò ju bí ẹyọ kan nínú mẹ́wàá lọ. Wọ́n wá rí i pé àwọn tó ti ń kọ kóòdù láti ilé ló ń gba gbogbo àkókò ìbéèrè, tí àwọn yòókù sì ń rò pé àwọn ò ní ọpọlọ. Wọ́n ya àwọn tó ti mọ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n ya àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sọ́tọ̀, wọ́n sì pe àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn obìnrin ti tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 2016, obìnrin lé ní ìdajì àwọn tó gboyè nínú ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n tún ṣe, wọn ò dín ẹ̀kọ́ kù.

Ẹni tí kò bá sì sí nínú yàrá, wọ́n sábà máa ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ohun èlò. Hybrid III, ère tí General Motors ṣe ní 1976 láti fi dán ìjàǹbá mọ́tò wò, ìwọ̀n ọkùnrin ni wọ́n ṣe é sí, nǹkan bíi kílò 78. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbára lé e láti dán ìjókòó àti bẹ́líìtì wò. Ní 2011, ìwádìí Yunifásítì Virginia fi hàn pé nínú irú ìjàǹbá kan náà, ewu kí obìnrin awakọ̀ tó de bẹ́líìtì fara pa gan-an fi ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọkùnrin lọ. Ẹ tún wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka aláìsàn láti mọ bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Ìmọ́lẹ̀ ló ń là gba inú ìka kọjá, àwọ̀ dúdú sì máa ń fa ìmọ́lẹ̀ mu. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti wálẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ̀mí èèyàn la ń sọ yìí o!

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ máa yí iṣẹ́ ká lórí tábìlì. Ẹni tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ yìí ni kó so wáyà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí sáà bá ń parí, kí oníkálùkù dá dúró níwájú ẹ̀rọ, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Èyí tiẹ̀ le ju ìlànà tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé tábìlì kan wálẹ̀ pẹ̀lú: èyí tó ga dé àyà ẹni tó dúró, àgbọ̀n ló máa bá ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, kò sì lè jó lẹ́ẹ̀dì láti fi lẹ wáyà níbẹ̀.

Ohun kan kù tó ń dùn mí. Tí fákọ́tì bá fẹ́ dá ìgbìmọ̀ ìdọ́gba sílẹ̀, ìwọ̀nba obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ ni wọ́n máa kó sínú rẹ̀. Àwọn ló ń ṣe ìpàdé, àwọn ló ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sunkún níyànjú. Tí ìgbéga bá wá dé, ìwé ìwádìí ni wọ́n ń kà, wọ́n á ní tiwọn ò pọ̀ tó. Kí wọ́n fi iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn sínú ohun tí wọ́n ń kà fún ìgbéga, kí wọ́n sì yọ kọ́ọ̀sì kan kúrò lọ́rùn ẹni tó ń ṣe é. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé e lé àwọn ọkùnrin tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́, àwọn tí kò tún ní ìgbéga kankan níwájú mọ́.