Ìyá Monty

Ẹ má dá mi lẹ́bi. Iṣẹ́ náìtì ni mo ti ń bọ̀, oorun ti kún ojú mi, nígbà tí màmá tó ń gbé ilé kejì sí mi yọrí lókè ọgbà, tó ní ṣé mo lè bá òun mójú tó ajá òun fún ọjọ́ méjì, pé ọmọ ọmọ òun ń ṣègbéyàwó ní Scotland. Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá, tí àgbà bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, ẹnu rẹ̀ á ti jẹ́ hòo kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé. Mo ní, "Kò sí wàhálà, mà." Aago mẹ́ta ọ̀sán tí mo jí ni mo tó rántí pé Sátidé yẹn gan-an ni ìpàtẹ abúlé wa, pé mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kéèkì, mo sì ti san 50 pẹ́ńsì.

Abúlé tí mò ń wí yìí, ní Shropshire, nílẹ̀ England, ló wà. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan, ṣọ́ọ̀bù kan, àti àgùntàn tó pọ̀ ju èèyàn lọ. Èmi nìkan ni Yorùbá ibẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kejì mi sì rèé. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á ní òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ. Orúkọ mi ò tíì kan ẹnikẹ́ni.

Victoria sponge ni kéèkì tí wọ́n ní ká ṣe. Ọbabìnrin Victoria ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn ẹni tí wọ́n bá gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861. Ó gba Èkó, kò tó o, ó tún wá gba Sátidé mi. Ẹ̀yin náà mọ kéèkì tiwa. Ó gbọ́dọ̀ ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó gbọ́dọ̀ funfun, kí òdòdó wà lára rẹ̀, kí ọkọ àti ìyàwó jọ di ọ̀bẹ mú, kí ẹni tó gba máíkì ní kí gbogbo èrò pe lẹ́tà orúkọ Jésù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé e. Ìwé òfin ti ibí ní ìpele méjì péré. Jáàmù raspberry láàárín. Kíríìmù, èèwọ̀. Icing, èèwọ̀. Ṣúgà díẹ̀ ni ká wọ́n sórí rẹ̀, wọ́n sì tún yan irú ṣúgà náà fúnni: caster, kì í ṣe èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ká má parọ́, ìhòòhò ni kéèkì náà wà.

Màmá ẹni ọdún 91 kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ló là mí lóye. Ó ní kí n wọn ẹyin tèèpotèèpo, pé iye tó bá wọ̀n ni kí bọ́tà náà wọ̀n, ni kí ṣúgà wọ̀n, ni kí fúláwà wọ̀n. Ó wá fa etí mi sún mọ́ ẹnu: n kò gbọ́dọ̀ da kéèkì náà dé orí irin láti tutù, torí irin máa ń fa ilà sí i lójú, àwọn adájọ́ sì máa ń wá ilà yẹn kiri. Kéèkì tó bá kọlà kò lè gba ipò kìn-ín-ní. Mo kàn ń wò ó ni. Èmi tí bàbá mi kọ àbàjà.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n mú Monty dé. Springer spaniel ni, funfun pẹ̀lú àwọ̀ bí obì, etí rẹ̀ gùn bí gèlè tí wọn ò tíì wé. Ẹrù rẹ̀ ju èyí tí mo gbé wọ ìlú ọba lọ: ibùsùn, aṣọ òjò, abọ́ méjì, fèrè kan, àti ìwé ìlànà ojú ewé méjì. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ṣokoléètì, kò gbọ́dọ̀ jẹ èso àjàrà, kò gbọ́dọ̀ jẹ àlùbọ́sà. Ó ní ìnṣọ́ránsì. Nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ṣípù kékeré kan lábẹ́ awọ ọrùn, torí láti 2016 ni òfin ti dé ní England pé gbogbo ajá gbọ́dọ̀ ní i. Ìwé ìgbélùú tèmi, orí fóònù ló wà. Tí bátìrì bá kú, mo di ẹni àìmọ̀. Bátìrì Monty kì í kú.

Mo gbé ẹyin mẹ́rin lé òṣùwọ̀n: 236 gíráàmù. Mo gbé bọ́tà sórí tábìlì kó rọ̀. Mo yíjú sápá kan láti mú ṣúgà, mo búra fún yín, n kò pẹ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ìwé dídán tí wọ́n fi wé bọ́tà ti wà nílẹ̀, ó mọ́ féfé bí ohun tí wọ́n fọ̀. Monty jókòó tì í, ó ń wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kòmúníọ̀n. Bọ́tà yẹn padà jáde lóru, lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká fi mọ bẹ́ẹ̀.

Ó di dandan ká lọ ra òmíràn. Ẹ̀bá odò la gbà. Monty rí esùsú, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó bẹ́ wọ inú rẹ̀, ẹyẹ fò lọ gbàràrà. Iṣẹ́ ìran rẹ̀ náà nìyẹn, kó fo wọ igbó kó lé ẹyẹ jáde fún ọdẹ. Ọdẹ ni kò sí ńbẹ̀. Mo fọn fèrè. Mo tún un fọn. Ẹ̀yin àgbà tó ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, àṣé ẹ ti mọ Monty kí wọ́n tó bí i. Mo rántí àlọ́ ọdẹ tó gun orí igi, tó pe ajá rẹ̀ mẹ́ta láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n dé wàrà. Mo ní àbí ọ̀rọ̀ èdè ni? Mo kígbe: "Monty! Máa bọ̀ ńbí! Màá gbá ẹ létí!"

Ó dúró. Ó yí orí. Ó sáré bọ̀, ó gbọn omi odò sí mi lára láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì jókòó.

Láti ibẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gbà wá ní ogójì. Gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò fún mi láti ọdún méjì ló ń dúró. "Monty!" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á họ etí rẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà ikùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbójú sókè wò mí bí ẹni rí ìyá ìkókó lẹ́yìn ìkókó. Àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì na ọwọ́ sí mi, ó fẹ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi, okùn ajá. Ọwọ́ òsì, ọ̀rá ìgbẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń gbóná. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. Kí ni n ó tún ṣe? Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù béèrè orúkọ mi. Mo ní Àbíkẹ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ti ìkẹta fẹ́ jọ ọ́.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni kéèkì jáde nínú ófùn, ìpele méjì, wọ́n pọ́n rẹ̀rẹ̀. Mo dà wọ́n dé orí aṣọ ìnura, kò sí ilà kankan. Bàbá mi wá pè mí láti Ìbàdàn. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í dé kíṣìnì, mo bá gbé fóònù lọ sí pálọ̀. Bàbá ò gbọ́ ajá inú ilé sétí rárá. Tanímọ̀la, ajá tiwa nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń so ó mọ́, alẹ́ ni wọ́n ń tú u sílẹ̀ kó lè ṣọ́ ilé. "Ta ló wá ń ṣọ́ ta báyìí?" Bàbá béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi sáré padà sí kíṣìnì.

Ìpele kan ló kù.

Ẹyin méjì ló ṣẹ́kù nínú fíríìjì. Mo po òmíràn ní aago mẹ́wàá kọjá, mo tì í sínú ófùn, oorun sì gbé mi lórí àga. Kéèkì mi wá di ọmọ ìyàwó méjì lábẹ́ òrùlé kan: ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan nípọn, ọ̀kan tínrín. Mo fi jáàmù parí ìjà wọn.

Lọ́jọ́ kejì, inú àgọ́ ńlá ni wọ́n to nǹkan sí: ẹ̀fọ́, òdòdó, jáàmù, kéèkì. Wọ́n gbọ́dọ̀ lé gbogbo wa jáde kí adájọ́ tó wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ rẹ̀. Ìgbà tí a padà wọlé, ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi: adùn rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ mọ́, ìpele rẹ̀ kò dọ́gba. Ojú rẹ̀ mọ́! Káàdì aláwọ̀ ìyeyè wà lórí rẹ̀, ipò kẹta. Àwa mélòó la díje? Ẹ má bi mí. Àwa mẹ́ta ni.

Ìta ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje ajá tó mọ ìrù jù jùlọ. Mo san pọ́n-ùn kan, mo fa Monty wọlé. Mo ní, "Dúró jẹ́ẹ́." Ó dúró. Adájọ́ tẹ̀ síwájú. Mo rọra sọ fún un pé, "Ó yá, jó." Ìrù nìkan kọ́ ló ń mì, gbogbo ìdí ló ń lọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni gbọ́ ìlù bàtá. Wọ́n fún un ní káàdì pupa. Èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo "Monty!" Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù pariwo "Abikí!" N kò bá a jà.

Lálẹ́, mo fi àwòrán káàdì méjèèjì ránṣẹ́ sí Bàbá. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé alátìlẹ́yìn 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ni bàbá mi, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ IICC, ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbà ní 1976 ló fi ń búra. Kíá ló pè.

"Wọ́n fún ajá ní káàdì pupa? Ta ló gé jẹ?"

Mo ṣàlàyé pé níbí, pupa ni ipò kìn-ín-ní, búlúù ni ìkejì, yẹ́lò ni ìkẹta. Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé ìwọ gba yẹ́lò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Rọra ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ o, Àbíkẹ́. Tó bá fi di méjì, wọ́n á lé ẹ jáde."